Ṣáńpíọ̀nù Tí Igba Ojú Kò Mọ̀

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line láti àárín ìlú Chicago, tí ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Sox-35th, ẹ ó rí ilẹ̀ gbalasa kan tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré àwọn White Sox. Orí ilẹ̀ yìí ni Comiskey Park àtijọ́ wà kí wọ́n tó wó o ní 1991. Wọ́n fi àmì kan sílẹ̀ tó ń fi ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti máa ń dúró hàn. Èmi ò torí bọ́ọ̀lù lọ síbẹ̀. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ni mo bá lọ. Ibẹ̀ ni Joe Louis ti gba adé àgbáyé lọ́wọ́ James Braddock ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 1937. Ọdún 12 géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 1949, Ezzard Charles na Jersey Joe Walcott níbẹ̀, òun náà sì di ṣáńpíọ̀nù. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án 1962, Sonny Liston gba adé lọ́wọ́ Floyd Patterson níbẹ̀ kan náà. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 6 péré ló lò.

Ọkùnrin mẹ́ta, ilẹ̀ kan, adé kan. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, akọni sì ni gbogbo wọn. Louis, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyinjú. Charles, wọ́n kàn gbà á bẹ́ẹ̀ ni. Liston, wọ́n kórìíra rẹ̀. Kí ló dé? Ìbéèrè tí mo gbé wá nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe torí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ni mo ṣe ń bèèrè. Torí Henry Akinwande ni. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa ná. Ẹni tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò la máa ń pè é, ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ń kù bí òjò tó ṣú. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, oríkì ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ayé mọ̀, tí ayé sì gba tiẹ̀, gbajúmọ̀ la máa ń pè é, ẹni tí igba ojú mọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń jà. Ìkejì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ rárá, àwọn tó ní igba ojú náà ló ni ín. Èèyàn lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́. Ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní bí igba ojú ṣe máa yíjú sí i?

Ìdáhùn kan ṣoṣo ni bàbá mi ní sí ìbéèrè yìí. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, wọ́n ti ń gbé Chicago láti 1984, wọn ò sì fi ìjà ẹ̀ṣẹ́ ṣeré rárá. Wọ́n ní, "Ìwà ni. Ìwà lẹwà. Ẹni tí ìwà rẹ̀ ò dáa, bó na erin pàápàá, kò sẹ́ni tó máa kí i kú iṣẹ́." Àwọn àgbà mìíràn tí mo bi ní Rogers Park àti Uptown náà sọ ohun tó jọ ọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ezzard Charles ni ò jẹ́ kí n lè gbà á mọ́.

Ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n ti bí Charles ní 1921, Cincinnati ló ti dàgbà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń ta gìtá ńlá tí wọ́n ń gbé nàró, èyí tí àwọn onijáàsì ń lò. Kó tó bọ́ sí ìpín hẹ́fíwéètì, ó ti na Archie Moore lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 1946 sí 1948, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Moore kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń nà bẹ́ẹ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìjà dunjú ló ń ka Charles mọ́ àwọn tó dára jù lọ tó tíì jà ní ìpín tó wà lábẹ́ hẹ́fíwéètì. Àmọ́ ohun burúkú kan ṣẹlẹ̀ sí i nínú ìlú wa yìí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì 1948, ní Chicago Stadium, ó gbá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sam Baroudi lulẹ̀ ní abala kẹwàá. Baroudi kú lọ́jọ́ kejì. Charles ronú láti fi ìjà sílẹ̀ pátápátá. Kò fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wò ó tẹ́lẹ̀ sọ pé láti ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ parí iṣẹ́ mọ́. Bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bá ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á rọra.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ohun tí àwa Yorùbá máa pè ní àánú, ohun tí a máa pè ní ọmọlúàbí, òun gan-an làwọn òǹwòran pè ní ìjà tí kò dùn. Ìwà tó dáa ló jẹ́ kí wọ́n máa yán nígbà tó bá ń jà. Mo sọ fún Dádì mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ó tún kù síbì kan." Òótọ́ ni, ó kù síbì kan.

Joe Louis ló kù. Louis jókòó lórí adé yẹn fún ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12, ó sì gbèjà rẹ̀ nígbà 25. Ní 1938, ó na Max Schmeling ará Jámánì ní abala àkọ́kọ́, nígbà tí Hitler wà lórí oyè. Ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì fi owó ìjà méjì ta àwọn ọmọ ogun lọ́rẹ. Lóru ọjọ́ tó na Braddock ní 1937, àwọn aláwọ̀ dúdú tú jáde sí ìgboro ní South Side, wọ́n ń jó, wọ́n ń pariwo. Ẹni a bá lábà ni baba. Gbogbo àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà, Louis ni wọ́n bá lábà.

Ní 1949, Louis fi adé sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó gbé ìjà Charles àti Walcott kalẹ̀, òun pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Chicago tó ni Chicago Stadium. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí le? Ọba tó ṣì wà láàyè, tó ṣì ń rìn káàkiri ìlú, ló ń yan ẹni tó máa jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀. Charles jà fún abala 15, àwọn adájọ́ fún un ní adé. Ìpínlẹ̀ New York kọ̀, wọ́n láwọn ò mọ̀ ọ́n ní ṣáńpíọ̀nù. Ojú àwọn èèyàn ṣì wà lára Louis.

Owó orí tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ Louis ló dá a padà sójú ìjà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 1950, ní Yankee Stadium, òun àti Charles pàdé. Ọmọ ọdún 36 ni Louis, ó ti sanra, ó wọn 218 pọ́ùn, Charles ò ju bíi 184 lọ. Charles lù ú fún abala 15. Ojú Louis wú. Láti kékeré ni Charles ti fẹ́ràn Louis, inú rẹ̀ ò sì dùn sí iṣẹ́ tó ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Àmọ́ ọ̀nà méjì péré ló wà níwájú rẹ̀. Bí kò bá na Louis, kì í ṣe ṣáńpíọ̀nù gidi. Bó bá na Louis, ó ti na bàbá gbogbo ayé. Ó nà án. New York gbà pé òun ni ṣáńpíọ̀nù, àwọn èèyàn ò sì dárí jì í.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, bí ọba bá wàjà, ẹni tó bá jẹ tẹ̀ lé e kì í bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Wọ́n á ṣe orò, wọ́n á wúyè, akígbe àti onílù á sì kó oríkì gbogbo àwọn tó ti jẹ ṣáájú lé e lórí. Ìtẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí kí wọ́n tó kí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá, lóòótọ́, ṣùgbọ́n oríkì ọba kẹwàá ní ti kẹsàn-án nínú. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ Amẹ́ríkà ò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bẹ́líìtì nìkan ni wọ́n ń jogún. Oríkì, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń wá tiẹ̀. Bí ẹni tó ṣáájú bá ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn lọ, ẹni tó dé lẹ́yìn á kàn dúró síbẹ̀ ni pẹ̀lú bẹ́líìtì nídìí, bí ẹni tó wọ agbádá ẹlòmíràn. Ejò Cincinnati ni wọ́n ń pe Charles, torí bó ṣe yára tó. Ta ló máa ń fẹ́ gbé ejò mọ́ra?

Ó wù mí kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jiyàn nípa èyí wo Muhammad Ali, tóun náà gbé Chicago fún ọdún bíi mélòó kan. Ali ò dúró de akígbe. Òun ló ń lu ìlù, òun ló ń sun rárà, òun náà ló ń jó. Ẹ wá wo Ernie Terrell, ọkùnrin gíga kan tó jẹ́ ará Chicago níbí. Nígbà tí ẹgbẹ́ WBA gba bẹ́líìtì wọn kúrò lọ́wọ́ Ali, Terrell na Eddie Machen ní International Amphitheatre, ní Chicago, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta 1965, ó sì di ṣáńpíọ̀nù wọn. Akọrin ni pẹ̀lú, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì padà wọ ẹgbẹ́ Supremes. Ohun tí ayé fi mọ̀ ọ́n ò ju pé ó ń pe Ali ní Clay, tí Ali wá lù ú ní Houston ní 1967, tó ń bi í bó ṣe ń lù ú pé kí ni orúkọ òun. Ṣáńpíọ̀nù kan di ìtàn inú oríkì ṣáńpíọ̀nù mìíràn. Nígbà tí Terrell kú ní 2014, bí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ o, mi ò sọ pé kò sí. Jack Johnson, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó gba adé yìí, ìlú Chicago yìí ni wọ́n ti dá a lẹ́bi ní 1913 torí obìnrin funfun, itẹ́ òkú Graceland níbí ló sì wà. Àmọ́ Gene Tunney, òyìnbó ni. Ní 1927, èèyàn tó ju 100,000 lọ kún Soldier Field láti wò ó bó ṣe na Jack Dempsey lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó fìdí rẹmi ni wọ́n gbé lọ sínú ọkàn wọn. Tunney ń ka ìwé, ó lọ sọ̀rọ̀ nípa Shakespeare ní Yale, ó bá George Bernard Shaw ṣọ̀rẹ́. Wọ́n ní ó ń gbéra ga. Mo tún ń bi ara mi pé, bí ìwà bá ni, ìwà wo ni kíkàwé?

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sọ́dọ̀ Liston. Òun ló sún mọ́ ohun tí bàbá mi ń sọ jù, òun náà ló sì mú mi bínú jù.

Arkansas ni wọ́n ti bí i, nínú ilé tí ọmọ pọ̀ sí bí eèsú, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Kò kàwé. Ó jalè, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní Missouri, ẹ̀wọ̀n yẹn ni àlùfáà Kátólíìkì kan ti fi ìbọ̀wọ́ ìjà lé e lọ́wọ́. Nígbà tó jáde, àwọn ọ̀daràn tó ń darí ìjà ẹ̀ṣẹ́ nígbà náà, Frankie Carbo àti Blinky Palermo, ló ni ín. Ó na ọlọ́pàá kan, ó padà sẹ́wọ̀n. Nígbà tó tó àkókò láti bá Patterson jà, New York kọ̀ láti fún un níwèé àṣẹ. Ìdí tí ìjà náà fi wá sí Chicago nìyẹn. Patterson ti kí Ààrẹ Kennedy nínú White House ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ò fẹ́ kí ìjà náà wáyé rárá. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gba adé, àwọn òyìnbó á nawọ́ sí i, wọ́n á ní, "Ẹ wo irú wọn."

Mo lóye ìbẹ̀rù yẹn. Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà nílẹ̀ yìí tí wọn ò sọ fún pé kó rántí ọmọ ẹni tó ń ṣe, kó má ba orúkọ ilé jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Patterson náà ṣe ọmọ ìta. Ó jalè nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n sì mú un lọ sí Wiltwyck, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ya pòkíì. Nígbà tó jáde, wọ́n ní ó ti yíwà padà, wọ́n fi ìtàn náà ṣe ẹ̀ṣọ́ fún un. Liston náà jáde láti ọ̀dọ̀ àlùfáà. Wọn ò bá a hun ìtàn kankan. Ohun tó ya àwọn méjèèjì kì í ṣe ìwà nìkan, ẹni tó bá wọn sọ ìtàn wọn ni.

Àwọn òǹkọ̀wé ńláńlá wà ní Chicago lọ́sẹ̀ yẹn. James Baldwin kọ ọ́, Norman Mailer náà kọ ọ́, méjèèjì sì jáde ní 1963. Mo ka ti Mailer lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀wé kọ, kò sí àní-àní, àmọ́ lójú tèmi, ó sọ àwọn ọkùnrin méjèèjì di ère. Ọ̀kan dúró fún rere, èkejì dúró fún ibi, àwọn èèyàn gan-an sì sọnù sínú ọ̀rọ̀. Ti Baldwin kúrú, ó sì dára jù. Patterson ló fẹ́ kó borí, síbẹ̀ ó jókòó ti Liston, ó rí ìrora lójú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Baldwin mẹ́wàá ló wà ní Chicago lọ́sẹ̀ náà ńkọ́?

Lọ́jọ́ kejì ìjà, Liston wọ bàálù padà sí Philadelphia, níbi tó ń gbé. Ó ti ń múra ọ̀rọ̀ tó máa bá àwọn èrò sọ sílẹ̀. Akọ̀ròyìn kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Jack McKinney, ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn bàálù. Kò sí èrò. Àwọn oníwèé ìròyìn díẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú ló wà nílẹ̀. McKinney ní òun rí bí èjìká rẹ̀ ṣe wálẹ̀. Mo rò pé kò sí ẹ̀ṣẹ́ tí Patterson jù tó dùn ún tó èyí.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ Akinwande.

London ni wọ́n ti bí Henry Akinwande ní 1965. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àtààbọ̀ lọ. Ó gba adé Yúróòpù ní 1993. Ní oṣù kẹfà 1996, ó na Jeremy Williams ní abala kẹta ní California, ó sì di ṣáńpíọ̀nù hẹ́fíwéètì WBO. Ọmọ Yorùbá! Ẹ gbọ́ orúkọ náà fúnra rẹ̀: akin ló wá mi dé. Ó gbèjà adé náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló jọ̀wọ́ rẹ̀ kó lè bá Lennox Lewis jà fún ti WBC, nítorí pé nígbà náà, àwọn èèyàn ò ka WBO kún. Ó fi adé tí igba ojú ò rí sílẹ̀, ó lọ wá èyí tí wọ́n rí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí ní ọjọ́ 12 oṣù keje 1997. Pálọ̀ wa kún. Àwọn ọ̀rẹ́ Dádì mi wá láti Evanston àti Indiana, Mọ́mì mi dín àkàrà, ẹnì kan gbé málítà wá. Ẹ rántí pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ni Tyson gé Holyfield létí jẹ, tí Mills Lane tó jẹ́ rẹfirí sì lé e kúrò lójú ìjà. Mills Lane náà ló tún wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yìí, ní Lake Tahoe. Akinwande kàn ń di Lewis mú ni. Ó dì í mú, wọ́n já wọn, ó tún dì í mú. Lane kìlọ̀, ó yọ máàkì. Ní abala karùn-ún, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ó lé Akinwande kúrò nínú ìjà. Bọ̀dá kan dìde, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n láìtọrọ àyè. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn ò dárúkọ Akinwande nílé wa mọ́, àfi bí ẹnì kan bá ṣe ojo, wọ́n á ní ó fẹ́ di èèyàn mú bíi Henry.

Mo ti wo ìjà náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin fún iṣẹ́ yìí. Kò dùn ún wò, mi ò ní gbè é. Àmọ́ èmi ò rí ojo níbẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó mọ̀ pé bí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún Lewis bá bà á, ó parí, tó sì ń wá ọ̀nà tó máa fi pẹ́ níbẹ̀ tí kò rí òmíràn. Àwọn òǹwòran tó wà níbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, owó wọn ni wọ́n san. Àwa ńkọ́? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ta ló kì í nínú wa kó tó lọ? Ní 1996, nígbà tó jẹ́ ṣáńpíọ̀nù, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé ní Chicago torí rẹ̀, mo ti bi àwọn àgbà. Ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n lé e ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Anthony Joshua dé, tó gba góòlù ní London ní 2012, tí èèyàn bíi 90,000 sì wò ó ní Wembley ní 2017 nígbà tó na Klitschko, gbogbo wa la mọ̀ pé Ṣágámù ni ìdílé bàbá rẹ̀ ti wá. Inú èmi náà dùn. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Mọ́mì mi lọ́jọ́ yẹn ni, "Ẹ ti rántí àbúrò Henry." Dádì mi ò rẹ́rìn-ín.

Charles ṣàìsàn tó ń pa iṣan ara, kò lè rìn mọ́ nígbẹ̀yìn. Chicago ló kú sí ní oṣù karùn-ún 1975. Itẹ́ òkú Burr Oak ní Alsip ló wà, itẹ́ kan náà tí Emmett Till wà. Cincinnati gbé ère rẹ̀ dúró ní 2022, ọdún 47 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ti Liston, Las Vegas ló wà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sórí òkúta rẹ̀ lábẹ́ orúkọ rẹ̀ ò ju pé ọkùnrin kan ni.

Mo gbé Dádì mi lọ sí Burr Oak ní ìgbà ẹ̀rùn tó kọjá. Wọ́n dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n ní, "Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, o kú iṣẹ́." A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà. Nígbà tí a délé, wọ́n ní kí n bá àwọn wá ìjà Akinwande àti Alexander Zolkin, ti oṣù kọkànlá 1996, lórí kọ̀ǹpútà mi. Wọn ò wò ó rí. Abala mẹ́wàá ló gbà kí Akinwande tó parí rẹ̀. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí n dá a padà síbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pe Mọ́mì mi láti yàrá pé kí wọ́n wá wo ọmọ yìí.